Bí A Ṣe Múra Àtilọ Wo Kìnnìún n'Ìbàdàn

"Ìyá wọn ni kó kó wọn lọ."

Ohun tí ọkọ wa sọ nìyẹn, ó sì tún bọ òkèlè mìíràn lọ́bẹ̀. Mo wà lórí ẹní níwájú rẹ̀, ìyáálé mi wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Inú mi dùn débi pé mi ò lè wo ojú obìnrin náà, kó má baà rí ẹ̀rín lójú mi. Òun náà dìde. Ó gbé abọ́ omi ìfọwọ́, ó sì jáde.

Ọkọ wa ń ṣiṣẹ́ ní sítéṣàn rélùwéè Ọ̀fà nígbà náà, lẹ́yìn tí a ti gba òmìnira. Òṣìṣẹ́ rélùwéè a máa gba páàsì lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, òun ni yóò fi kó ìyàwó àti ọmọ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó kan ni páàsì mọ̀. Ọkùnrin tó bá fẹ́ méjì, kó lọ wá bí yóò ṣe pín in. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yẹn, ìyáálé mi ló ń jẹ páàsì. Òun ló ń fi í lọ sí Kàdúná láti lọ kí ọmọ kan ṣoṣo tó bí, obìnrin, tó ti wà nílé ọkọ. Tó bá dé, á kó àlùbọ́sà fún mi, màá ní ẹ ṣeun, màá fi se ọbẹ̀, ọbẹ̀ náà á sì máa korò lẹ́nu mi.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọkọ wa ní kí àwọn ọmọ kéékèèké lọ wo Ìbàdàn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iléèwé, pé ọmọ tó bá ti fojú kan ìlú ńlá kì í ya dìndìnrìn láàárín ẹgbẹ́. Ọmọ méjì ló wà nílé tí kò tíì tó iléèwé lọ. Ọkùnrin kan tó ń sún mọ́ ọdún márùn-ún, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tó lé díẹ̀ lọ́dún mẹ́ta. Èmi ni mo bí àwọn méjèèjì. Ọkọ wa fúnra rẹ̀ kò ní lè tẹ̀lé wa nítorí iṣẹ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń gbé n'Ìbàdàn ni yóò wá pàdé wa ní sítéṣàn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ó sùn, a ó wo ìlú díẹ̀, a ó sì padà wálé.

Ẹni tó bá gbọ́ pé èmi ni mo bí àwọn ọmọ á ní kí ni mo wá ń jowú sí. Mo fẹ́ kó yé yín. Nílé wa, ọmọ tí wọ́n bá ti já lẹ́nu ọmú kì í sùn ní yàrá ìyá rẹ̀ mọ́. Wọ́n á gbé e lọ fún ìyáálé tàbí fún ìyá ọkọ, kó lè gbàgbé ọmú, kí ìyá rẹ̀ náà lè rójú. Nígbà tó kan ọmọkùnrin mi, wọ́n fi omi ewúro pa mí lọ́mú, wọ́n sì gbé e wọ yàrá ìyáálé mi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló wà láàárín wa. Mo ń gbọ́ ẹkún rẹ̀, wọn ò sì gbà kí n dìde. Nígbà tó ń sunkún, èmi náà ń sunkún. Ìgbà tó wá dákẹ́, ìgbà yẹn gan-an ni owú wọ̀ mí lára, kò sì tíì jáde.

Nígbà tó kan àbúrò rẹ̀, ìyáálé mi ní ọmọ kan tó òun, ni èyí ṣe kù sọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ti di tirẹ̀. Òun ló ń pè ní Màmá. Èmi, Ìyàwó ló ń pè mí, nítorí ohun tí gbogbo agboolé ń pè mí nìyẹn, ohun tí etí ọmọ bá sì gbọ́ ni ẹnu rẹ̀ ń sọ. "Kí Ìyàwó bá mi bu omi." Àwọn èèyàn á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá bu omi. Bí mo bá dé inú yàrá, màá na ìrọ̀rí.

Ohun tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé obìnrin náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ì bá rọ̀ mí lọ́rùn ká ní ó ń lu ọmọ, tàbí pé ó ń fi ebi pa á. Ó ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Ará àdúgbò á máa kí mi pé mo ṣoríire ìyáálé, màá ní àmín, inú á máa bí mi.

Nítorí náà, nígbà tí ọkọ wa wí ohun tó wí, mo gbà pé ìdájọ́ ti wáyé. Ní ọjọ́ kejì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Mi ò dé Ìbàdàn rí láyé mi. Mo bi àwọn tó ti débẹ̀ léèrè, gbogbo ohun tí wọ́n sì dárúkọ ni mo gbà. A ó lọ wo kìnnìún nínú ọgbà ẹranko. A ó gun òkè Mápó. A ó dé Dùgbẹ̀, a ó wo àwọn ilé alájà, a ó sì lọ sílé ẹnìkan tó ní tẹlifíṣàn kí àwọn ọmọ lè rí èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ nínú àpótí. Ọjọ́ kan ni mo fẹ́ fi ṣe gbogbo rẹ̀.

Ìyáálé mi ti gbé Ìbàdàn rí. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé ọkọ wa sí kí n tó dé ilé. Ó gbọ́ ètò mi, ó rọra ní, "Ìyàwó, kìnnìún nìkan tó wọn lọ́jọ́ kan. Kó o jẹ́ kí wọ́n sùn tí oòrùn bá ti mú. Òkè Mápó yẹn, ìwọ lo máa pọn wọ́n gùn ún."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà." Mo sì tún fi Ọjàaba kún ibi tí a ó dé. Lóòótọ́, kìnnìún nìkan la padà rí lọ́jọ́ náà, oorun ló sì ń sùn, a ò tiẹ̀ rí ojú rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, bó bá ní kí n mú omi dání, ǹ bá fi òùngbẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló fẹ́ tú àṣírí mi. Mo ra ẹyin, mo ní màá sè é, pé kò ní tètè bàjẹ́ lọ́nà. Ìyáálé mi wo ẹyin náà nínú igbá, ó ní, "Ọmọkùnrin yẹn máa ń bì í tó bá jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀. Ṣé o rántí?"

Mo ní, "Mo rántí." Irọ́ ni. Níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀? Òun ló ń gbé e lọ́kọ̀ lọ sí Kàdúná. Ó ń bá tirẹ̀ lọ, ó ń ka ohun tí mi ò mọ̀ nípa ọmọ tí mo bí: pé ẹ̀kọ tútù ló fẹ́ràn, gbígbóná kọ́, pé tí ilẹ̀ bá ṣú, ó gbọ́dọ̀ di etí ẹni tó sùn tì í mú kó tó lè sùn. Etí ta ni ó ń dì mú láti gbogbo ọdún yìí wá? Mo kó ẹyin náà kúrò níbẹ̀. Mo sè é, mo sì jẹ gbogbo rẹ̀ fúnra mi lẹ́yìn ilé.

Síbẹ̀, ẹyin kọ́ ló dùn mí jù. Ìrọ̀lẹ́ ni. Bí wọ́n bá ti kírun tán, ìyáálé mi á tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ méjèèjì á sì bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò. Ọkùnrin ni orí ọkọ̀, àbúrò rẹ̀ á di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn, ìyáálé mi náà á jókòó sẹ́yìn wọn, òun ni èrò. Wọ́n á fọn fèrè. Ìyáálé mi á ké pé, "A ti dé Òkukù! Ẹni tó ń lọ Òkukù, kó sọ̀!" Wọ́n á tún gbéra. Ìkìrun. Òṣogbo, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹran sísun lójú fèrèsé. Ẹdẹ. Afárá odò, tí gbogbo wọn á pa ẹnu mọ́ títí wọn á fi kọjá. Tí wọ́n bá dé Ìbàdàn, ìyáálé mi á bú bíi kìnnìún, àwọn ọmọ á ké, wọ́n á sá wọ abẹ́ ìró rẹ̀. Ọmọ tèmi tó ń sùn lọ́dọ̀ mi náà, abẹ́ ìró rẹ̀ ló ń sá sí.

Èmi wà nídìí ààrò, mò ń ko iná, mò ń gbọ́ wọn. Ìrìn-àjò tí wọ́n fún mi, obìnrin yìí ti ń bá wọn lọ ọ́ lálaalẹ́ kí n tó fẹsẹ̀ kan sítéṣàn. Ohun tí mo fẹ́ fi ya àwọn ọmọ mi lẹ́nu, ó ti kó o sí wọn lẹ́nu tán. Owú jẹ mí débi pé mo gbàgbé ọbẹ̀ lórí iná, ó jóná, ọkọ wa sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ìyáálé mi lọ sọ́jà, mo pe àwọn ọmọ, mo ní kí wọ́n jókòó kí èmi náà sọ nípa Ìbàdàn fún wọn. Mo fọn fèrè. Mo ní a ti dé Òkukù, a ti dé Ẹdẹ, a ti dé Òṣogbo.

Ọmọkùnrin mi ní, "Ìyàwó, Òṣogbo ló ṣáájú Ẹdẹ."

Mo ní kó pa ẹnu mọ́. Ó pa á mọ́, ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò fọn fèrè mọ́. Ìgbà tí ìyáálé mi dé, ọmọ náà rò ó fún un. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Dípò bẹ́ẹ̀, ó na ìka sí i, ó ní, "A kì í já àgbà nírọ́. Lọ bẹ̀ ẹ́." Ọmọ náà wá, ó dọ̀bálẹ̀. Mo gbà á. Ó wọ̀ mí lára ju ẹ̀rín lọ.

Nígbà tó kù díẹ̀ ká lọ, ìyá ọkọ wa pè mí wọ yàrá rẹ̀. Arúgbó ni, kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

Ó ní, "Ṣé o ti tọrọ ọmọ lọ́wọ́ ìyáálé ẹ?"

Mo ní, "Ọmọ wo, mà?"

Ó ní, "Ọmọ mélòó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹni tí a bá gbé ọmọ fún, ọwọ́ rẹ̀ la ti ń gbà á. Lọ kúnlẹ̀, kó o ní o fẹ́ mú un rìn."

Mo ní, "Èmi ni mo bí i, Ìyá. Bàbá wọn sì ti sọ̀rọ̀."

Ó ní, "Ọkùnrin ló sọ̀rọ̀. Ta ló sọ pé ìwọ kọ́ lo bí i? Pàṣán tí a fi na ìyáálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ìwọ náà á di ìyáálé lọ́jọ́ kan, wọ́n á gbé ọmọ fún ẹ, wọ́n á sì wá fà á yọ lọ́wọ́ ẹ bí ẹni fa ẹ̀fọ́ tu."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo jáde, mi ò sì lọ síbì kankan. Kí n kúnlẹ̀ tọrọ ọmọ tó jáde lára mi? Mo ní lọ́kàn ara mi pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, kí olúkúlùkù lọ wá tirẹ̀.

Ìyáálé mi náà ń palẹ̀ ẹrù ọmọ mọ́. Ó fọ aṣọ ọmọ náà, ó ká a, ó dì í sínú ìborùn kan, ó sì gbé e sórí àpótí rẹ̀. Mo ti ra aṣọ kan náà fún àwọn ọmọ méjèèjì, mo ti dì wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀ mi, ṣùgbọ́n ìdì yẹn wà lórí àpótí rẹ̀, kò gbé e fún mi. Bí mo bá ń kọjá, màá wò ó. Mo ní wò ó, ó ń fi ìdì aṣọ jẹ gàba lé mi lórí. Kò yé mi pé ó ń retí mi ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ, gbogbo wa la lọ sí sítéṣàn. Mo pọn ọmọbìnrin mi, mo gbé apẹ̀rẹ̀ dání. Ìyáálé mi pọn ọkùnrin, bó ṣe tóbi tó, ó sì gbé ìdì aṣọ rẹ̀ lé orí. Àwọn èrò Ìjàgbò àti Ẹ̀rìn-Ilé ti kún ibẹ̀ pẹ̀lú iṣu àti adìẹ. Ọkọ wa wà lẹ́nu iṣẹ́, ó wọ káákí rẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ wá. Ọkọ̀ dé láti Ìlọrin, ó mi ilẹ̀ tìtì. Ìyáálé mi sọ ọmọ kalẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Ó yá."

Ó tẹ̀lé mi dé ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó wá yíjú padà. Ó ní, "Màmá, ẹ wọlé ká lọ."

Ìyáálé mi ní, "Èmi ò lọ, ọkọ mi."

Ó ní, "Ta ló máa wá fi kìnnìún hàn mí?"

"Ìyá ẹ ni."

Ọmọ náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, láàárín gbogbo èrò yẹn. Ó ní, "Ìyá wo?"

Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Nínú gbogbo ètò tí a ṣe, oúnjẹ, aṣọ, kìnnìún, Mápó, kò sẹ́ni tó sọ fún ọmọ yìí pé Màmá kò ní lọ. Èmi rò pé ìyáálé mi ló yẹ kó sọ ọ́. Òun sì ń retí pé kí n wá tọrọ ọmọ, pé níbẹ̀ la ó ti jọ pè é, ká jọ ṣàlàyé fún un. Lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Màmá kì í ṣàìsí nínú ọkọ̀. Ọmọ náà rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí.

Ó já ọwọ́ gbà lọ́wọ́ mi, ó sáré lọ di ìró ìyáálé mi mú, ó sì figbe ta. Mo tẹ̀lé e, mo fà á. Kò tú. Mo tún fà á, ìró ìyáálé mi fẹ́ já sílẹ̀. Gáàdì ti mú àsíá tí yóò fi ní kí ọkọ̀ gbéra jáde. Ọkọ wa ń bọ̀, ó ní, "Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?" Ìyáálé mi dúró, ó jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì rọ̀ sílẹ̀. Kò di ọmọ mú, kò sì tì í sọ́dọ̀ mi. Ojú mi ló ń wò.

Mo kúnlẹ̀. Lórí òkúta wẹ́wẹ́ sítéṣàn, nínú aṣọ tuntun, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn mi, níṣojú èrò ìlú mẹ́ta. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ fún mi lọ́mọ." Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mi ò kúnlẹ̀ tọkàntọkàn, kí n má purọ́. Ọkọ̀ ló fẹ́ lọ.

Ó ní, "Ó pẹ́ kó o tó dé, Ìyàwó."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó rọra tú ìka ọmọ náà kúrò lára ìró rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó gbé ìdì aṣọ rẹ̀ lé apẹ̀rẹ̀ mi, ó sì ní kí Ọlọ́run kó wa dé 're. Ọkọ wa tì wá wọ inú ọkọ̀ bí ẹni ti ẹrù.

Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, mo wo òde lójú fèrèsé. Kò juwọ́ sí wa. Ó dúró síbi tí a fi í sí, ó ń ró ìró rẹ̀ tó tú, ó ń wo ọmọbìnrin mi àti ọmọkùnrin mi lára mi. Mo mọ ojú yẹn. Èmi náà ni mo ti ń fi í wo yàrá rẹ̀ láti ọdún mélòó kan. Owú ni. Inú mi sì dùn, ó dùn gan-an, títí ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè é.

"Màmá! Màmá!" Ó fi orí gbá mi láyà, ó ń na ọwọ́ sí fèrèsé. A kọjá Òkukù, kò kéde rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ti sùn. Àwọn èrò ń wò wá. Obìnrin kan tó jókòó kọjú sí mi, tó gbé adìẹ sí itan, ṣàánú mi, ó ní, "Ìyá ọmọ, ẹ dá a lóhùn. Ọmọ yín ń pè yín."

Ọmọ náà tún ní, "Màmá."

Mo ní, "Ooo."

Ó yọ orí, ó wò mí bí ẹni wo ẹni tó já wọ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó sunkún sókè sí i, ó tún pè é. Mo tún jẹ́. Mi ò yé jẹ́ ẹ, gbogbo ìgbà tó bá pè é, títí tí ohùn rẹ̀ fi lọ, títí oorun fi mú un, tó sì na ọwọ́ nínú oorun, tó ń wá etí.